Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nínú Tí Kò Dé Ẹnu: Ìyẹ̀wò Iyè Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀ ní Ìkejà àti Agége

Bí aláìsàn kò bá lè dárúkọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́pọlọ rẹ̀. Nínú iyè ríra tí àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fà, ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ inú ọpọlọ jẹ́, ohun tó so iwájú ọpọlọ mọ́ ibi yòókù a sì máa já díẹ̀díẹ̀. Nínú àrùn Alzheimer, ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ gan-an ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí náà títa aláìsàn lólobó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é láǹfààní.

Ìdánwò ìrántí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkójọ ìdánwò iyè CERAD lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. A ó ka ọ̀rọ̀ 10 sétí aláìsàn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, a ó ní kó dárúkọ èyí tó rántí. Lẹ́yìn náà, a ó pò wọ́n mọ́ 10 mìíràn kó ṣà wọ́n. Ìpele ìkẹyìn yìí, tó jẹ́ títa aláìsàn lólobó, ni mo kà sí pàtàkì jù. Òun náà sì ni dókítà tí èrò kún iwájú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fò.

Irú ìyẹ̀wò iyè báyìí kò ṣàjèjì sí wa: ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, láti 1992, àwọn olùwádìí Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ti Indianapolis yẹ iyè àwọn àgbà wò, wọ́n sì bi àwọn ará ilé léèrè pẹ̀lú. Nígbà tí apá yíyàwòrán nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń dá ẹni tí kò kàwé lẹ́bi, Olúṣẹ́gun Baiyewu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi títo igi wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Rufus Akínyẹmí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ènìyàn 143 wò ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀: iyè 8.4% ti ra, ti 39.9% sì ti dín kù láìtíì ra. Àwòrán ọpọlọ àwọn kan lára wọn fi hàn pé ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ pàápàá lè sún kì. Àwọn kan lè fi èyí ta ko mí. Ṣùgbọ́n bí àbùkù méjèèjì bá wà lára ẹnì kan ṣoṣo, láìta á lólobó, báwo la ó ṣe mọ èyí tó pọ̀ jù?

Ní Ìkejà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darúgbó báyìí ló ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bíi Guinness, tó bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tàbí Dunlop, tí kò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́ láti 2008. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé ní Agége tàbí Ìjú. Nídìí ẹ̀rọ, àdàlù Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F, ilé-ìwé rẹ̀ là ń dán wò. Ẹ ní kó dárúkọ ẹranko, kó sì dárúkọ irinṣẹ́ tó fi ṣiṣẹ́ jẹun, ní èdè tó fi mọ̀ wọ́n.

Àwọn ọmọ tó ń wí pé bàbá ti ń ṣarán náà lè yí ìbéèrè padà. Dípò "Kí lẹ fẹ́ jẹ?", kí wọ́n ní "Bàbá, ṣé iṣu ni àbí ẹ̀bà?", kí wọ́n sì fún un láyè. Ní ti dókítà, iye méjì ló yẹ kó wà nínú fáìlì: èyí tí aláìsàn dá rántí, àti èyí tó mọ̀ nígbà tí a ta á lólobó.