Bí "Brain Box" Ṣe Wọ Mọ́tò Wa

Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì rí, bóyá ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba: "Brain box ló jó." Owó ńlá dé nìyẹn! Ṣùgbọ́n níbo ló ti wá?

Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná àti Beetle ní Èkó. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀gá mẹkáníìkì á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á yí kábúrétọ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi dọ́gba.

Òfin èéfín tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1970 ló yí eré padà. Nígbà tó di 1981, General Motors ti ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn níbẹ̀. Irú mọ́tò oníkọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló di tòkunbọ̀ tó ń gun òkè Mápó lónìí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wáyà tó já tàbí tó dípẹtà lè ṣe bíi brain box tó bàjẹ́. Kí ẹ tó náwó ní Gate, ẹ ní kí wọ́n yẹ fíúùsì, wáyà àti bátìrì wò ná. Bó bá di dandan, nọ́ńbà ara èyí tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láti dáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ brain box kì í mọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò míì, àfi kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà mú wọn mọra.

Iṣẹ́ Ògún náà ni, irinṣẹ́ ló yí padà.