Bí ọ̀rá ṣe dáyé, àti ìjà tó dá sílẹ̀

  Admin yín láti Kánò ló ń sọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn tó wáyé níbí lọ́jọ́ Ẹtì ti pọ̀ jù. Ẹnìkan ní ọ̀rá tó ń dún wárawàra kì í ṣe ojúlówó, èyí tó rọ̀ ni ojúlówó. Ẹlòmíì ní irọ́ ni. Èmi tí mò ń ta ọ̀rá àti àpò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀. Ojúlówó ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe sè wọ́n ló yàtọ̀.

Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ ethylene, inú epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn so ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan. Kì í sì í fẹ́ so mọ́ra bọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ICI ní Northwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣèèṣì rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, Reginald Gibson àti Eric Fawcett fún gáàsì yìí mọ́ inú irin. Ìfúnpọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 2,000 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, ooru rẹ̀ sì jẹ́ 170. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n bá nǹkan funfun bíi àbẹ́là, kò tó gíráàmù kan. Wọ́n tún un ṣe, ó bú gbàmù, wọ́n bá pa á tì. Ìparí ọdún 1935 ni Michael Perrin àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tún gbé e. Irin wọn ń jò, wọ́n ń fi gáàsì tuntun kún un, àfi bí nǹkan funfun yẹn ṣe jáde, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́jọ. Wọ́n wádìí ẹ̀ títí. Wọ́n rí i pé ọ́síjìn bíńtín tó wà nínú gáàsì tí wọ́n fi kún un ló ta iṣẹ́ náà jí. Bí ọ́síjìn ò bá sí, òfo. Bó bá pọ̀ jù, ìbúgbàù. Oṣù kẹsàn-án 1939 ni ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, oṣù kan náà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀. Wáyà ẹ̀rọ rédà ni wọ́n ń fi bò. Ọ̀rá tí à ń fi pọ́n ẹ̀wà yìí, ogun ló kọ́kọ́ jà o!

Ooru àti ìfúnpọ̀ yẹn máa ń mú kí okùn náà yọ ẹ̀ka bí igi. Àwọn ẹ̀ka yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́ra, òun ló fi rọ̀.

Ó wá kan Karl Ziegler, ní Mülheim ní Jámánì. Iṣẹ́ kan bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, okùn ò gùn mọ́. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i pé níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló kù sínú ìkòkò. Ẹlòmíì á fọ ìkòkò, á gbàgbé. Ziegler ní, bí irin kan bá lè ba iṣẹ́ jẹ́, kí ni àwọn irin yòókù á ṣe? Wọ́n ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1953, wọ́n fi titanium àti aluminium sí i, ethylene sì di ọ̀rá láìsí ìfúnpọ̀ kankan, láìsí ooru ńlá. Ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì. Ẹ wo àwọn dìlálì wa ní Kánò níbí: á mú oníbàárà pàdé ọlọ́jà, á gbéra, á lọ mú ẹlòmíì wá. Kì í bá ọjà lọ. Okùn ti Ziegler nà gbọọrọ, ó sùn mọ́ra bí ọwọ̀ nínú ìdì. Òun ló ń dún wárawàra, òun náà la fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Ìjà wá dé. Ziegler ti bá ilé-iṣẹ́ Montecatini ní Ítálì ṣe àdéhùn, Giulio Natta sì ni olùdámọ̀ràn wọn. Àwọn ọmọ Natta ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Mülheim. Oṣù kẹta 1954, Natta fi kátálíìsì náà sí propylene, ìyẹn ọmọ ìyá ethylene, polypropylene sì jáde, òun la fi ń hun àpò ìrẹsì àti Ghana-must-go. Wọ́n béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lóṣù kẹfà, wọn ò kọ́kọ́ sọ fún Ziegler. Àwọn ti Ziegler náà ti ṣe é, àmọ́ oṣù kẹjọ ni wọ́n tó fi tiwọn sílẹ̀. Inú bí i gan-an. Àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Lójú tèmi, Natta ò ṣe é dáadáa. Ẹni tó fi ọ̀nà ọjà hàn ọ́, o ò ní jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu ará ìta.

Ẹ tún wò ó, Paul Hogan àti Robert Banks ti Phillips, ní Oklahoma, ti rí polypropylene láti 1951, kromíọ̀mù ni wọ́n lò. Ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ín ní Amẹ́ríkà ò parí títí 1983, Phillips ló jẹ ẹ́. Ẹ má tún sọ pé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Gari ń pẹ́.

Ó ku ti oníbàárà. Ọ̀rá rírọ̀ máa ń yọ́ ní bíi ooru 110, èyí tó ń dún ní 130, ti àpò ní 160. Omi híhó jẹ́ 100, òróró gbígbóná kọjá 160 dáadáa. Torí náà, ẹ kìlọ̀ fáwọn tó ń da àkàrà látinú epo sínú ọ̀rá tààrà. Ẹ̀yin ará Port Harcourt, Eleme tó wà nítòsí yín ń ṣe polyethylene àti polypropylene. Ẹ bá wa béèrè iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi fóísì sílẹ̀ kó tó di alẹ́. Ẹrù mi ti dé, mò ń lọ já a.