Ṣúgà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jẹ

Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá jí láàárọ̀, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga ju bó ṣe wà nígbà tó wọlé sùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ará ilé máa bi í ni pé, “Kí lo jẹ lóru?” Bó búra pé òun ò fẹnu kan nǹkan kan, wọn ò ní í gbà á gbọ́ tán. Ìfura yìí ti pẹ́, inú bí a ṣe dá àrùn náà mọ̀ ló sì ti wá. Ìtọ̀ ṣúgà ni Yorùbá ń pè é. Madhumeha, ìyẹn ìtọ̀ oníyin, ni àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ pè é. Ìtọ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń ṣọ́ ara wọn nílé títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ kì í sọ aago. Èyí tí ènìyàn tọ̀ láàárọ̀ ti ń rọ́ jọ láti alẹ́ àná; ti aago mẹ́wàá alẹ́ àti ti aago márùn-ún ìdájí ti dà pọ̀. Ẹni tó ń fi í wádìí òru kò lè mọ ìgbà tí ṣúgà gòkè, ẹnu aláìsàn ló sì máa tọ́ka sí. Ní tèmi, kì í ṣe àìsí òye ló fa ìdádúró nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú tí a ó fi ríran lóru ni kò sí.

Òye ti wà tipẹ́. Ní 1848, ní Paris, Claude Bernard fún ajá ní ẹran nìkan, láìsí ohun dídùn kankan, síbẹ̀ ó bá ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 1855 ó ṣe èyí tó wú mi lórí jù: ó ń da omi gba inú iṣan ẹ̀dọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹran, ó fọ̀ ọ́ títí kò fi sí ṣúgà nínú rẹ̀ mọ́, ó sì gbé e kalẹ̀. Nígbà tó padà dé ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣúgà ti tún wà níbẹ̀. Ẹran ti kú, kò sẹ́ni tó bọ́ ọ. Àká tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ló tú ara rẹ̀. Ní 1857 ó yọ ohun inú àká náà jáde, òun ni glycogen. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá fẹ́ ti lè mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ń bọ́ ara mọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi ì bá pa ọpọlọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ínsúlínì, tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, dé láti Toronto ní 1921, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní oṣù kìíní ọdún 1922. Oògùn náà gba ẹ̀mí là, ó sì tún gbé afurasí tuntun wá. Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Michael Somogyi, onímọ̀ kẹ́míkà tó ti Hungary wá, kíyè sí i pé bí wọ́n ṣe ń fi kún ínsúlínì àwọn kan ni ṣúgà wọn ń ṣe ségesège, pé bí wọ́n bá dín in kù, ara á tù wọ́n. Àlàyé tó gbé jáde ní 1938 ni pé ínsúlínì àpọ̀jù já ṣúgà lulẹ̀ lóru, ara bẹ̀rù, ó sì gbẹ̀san, ẹ̀san náà ló gbé ṣúgà sókè láàárọ̀. Àlàyé tó dùn létí ni. Ọ̀pọ̀ dókítà fi ṣe ìlànà fún ọ̀pọ̀ ọdún: bí ṣúgà àárọ̀ bá ga, ẹ dín ínsúlínì alẹ́ kù.

A lè sọ pé mo ń fi ojú òní dá ẹni àná lẹ́jọ́. Rárá o. Òótọ́ ni pé ínsúlínì àpọ̀jù léwu, òótọ́ sì ni pé ara máa ń jà padà bí ṣúgà bá já. Okùn tí Somogyi fi so méjèèjì mọ́ àárọ̀ ni kò yi. Kéèyàn tó lè dán okùn náà wò, ó ní láti gba ẹ̀jẹ̀ léraléra láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, aláìsàn wo ló sì máa gbà fún ọ lójoojúmọ́? Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Ames gbé jáde ní 1970, wúwo, ó sì wọ́n. Iyàrá dókítà ló wà fún. Nígbà tí gbígba ẹ̀jẹ̀ lóru wá rọrùn díẹ̀ ni Maria Inês Schmidt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ní 1981, fún ohun tí wọ́n rí lórúkọ tó jẹ mọ́ ìdájí: ṣúgà ń gòkè nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Ní 1984, Geremia Bolli àti àwọn tirẹ̀ fi hàn pé ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lára ẹni tí kò ní àrùn kankan. Họ́mọ́nù tó ń mú ara dàgbà máa ń tú jáde nínú oorun, họ́mọ́nù mìíràn, kọ́tísọ́ọ̀lù, sì ń gòkè láti múra ara sílẹ̀ fún jíjí. Ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà, ẹran ara á ṣagídí sí ínsúlínì. Ara tó le á fi ínsúlínì díẹ̀ kún un, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ara tí kò ní èyí tó máa fi kún un ni àṣírí rẹ̀ ń tú.

Ẹ̀bà alẹ́ wá ńkọ́? Kò bọ́ pátápátá nínú ẹjọ́. Oúnjẹ ńlá tí a jẹ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú lè gbé ṣúgà sókè títí dàárọ̀, ínsúlínì tí a gún sì lè tán lára kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti ga kó tó sùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí tirẹ̀ dára nígbà tó ń sùn. Ìwọ̀n àárọ̀ kan ṣoṣo kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: àlàyé Somogyi ní kí a dín oògùn alẹ́ kù, nígbà tí àlàyé ìdájí lè túmọ̀ sí pé èyí tó wà ni kò tó. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ ara, tó ń wọn ṣúgà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1999, àwọn olùwádìí rí i pé ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já lóru sábà máa ń jí pẹ̀lú ṣúgà tó rẹlẹ̀, kì í ṣe èyí tó ga. Lójú ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ẹni tí ìdájí ń dà láàmú ti máa rí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń hanrun.