Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ: Èdè àti Orúkọ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn Ìgbẹ̀bí ní Agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ lórí ìgbẹ̀bí kò pọ̀ láwùjọ Yorùbá, nítorí pé iṣẹ́ àwọn àgbà obìnrin ni, inú iyàrá ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sínú ìwé wà nínú èdè. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè àti orúkọ Yorùbá jẹ́rìí sí nǹkan méjì pọ̀: ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀bí, àti ikú tí ọgbọ́n náà kò ká. Ẹni tí ó gba ẹ̀rí kan tí ó kọ èkejì kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Ẹ̀rí kìn-ín-ní ni "ìkúnlẹ̀ abiyamọ", gbólóhùn tí a fi ń kígbe àánú. Ó fi hàn pé orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin Yorùbá ti ń bímọ. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, ìdùbúlẹ̀ lórí ibùsùn bá a dé. Ní ilẹ̀ Faransé, François Mauriceau ti gbè é lẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1668. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí aboyún fúnra rẹ̀ yan bí yóò ṣe bímọ, kí ẹni tí ó fẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè fi ẹsẹ̀ jáde. Àjàyí dojú bolẹ̀. Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ọmọ́pẹ́ kọjá oṣù rẹ̀ nínú oyún. Samuel Johnson to irú orúkọ báyìí sínú ìwé The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Àgbẹ̀bí tí kò fara balẹ̀ wo ọmọ kò lè sọ ọ́ ní irú orúkọ wọ̀nyí.

Ẹ̀rí kẹta korò. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó lọ tẹ̀dó sí; ọdún 1862 ni ó tó padà. Orúkọ àbíkú ni orúkọ rẹ̀: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Ikú ọmọ kò yọ ìdílé ọba sílẹ̀. Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé jẹ́rìí sí ìbànújẹ́ kan náà. Lónìí, a mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ibà, àti tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ń gba ojú ìwọ́ tí a fi abẹ ìdọ̀tí gé wọlé, wà lára ohun tí ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà kò tíì parí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ náà sì wà. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018 fi hàn pé ọmọ 39 péré nínú 100 ni a bí sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Orúkọ Abíọ́nà náà kò tíì di ti àtijọ́: ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú mọ̀ pé aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní àkókò láti dúró. Nítorí náà, ó yẹ kí àgbẹ̀bí mọ àmì ewu, bí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, gìrì, tàbí ìrọbí tí ó pẹ́ jù, kí ó sì tètè gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní orúkọ àmútọ̀runwá àti orúkọ àbíkú, kí ó má fi mọ sórí ìtumọ̀ nìkan. Kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá àti ọmọ kí orúkọ tó jáde. Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ń kí abiyamọ pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Wọ́n mọ̀ pé ewu ni. Iṣẹ́ ìran yìí ni kí ewu náà dín kù.