Bí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Bá Kú Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Àlàyé fún Àwọn Ará Oko àti Ìlú Kéékèèké Agbègbè Ìbàdàn

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, alùpùpù ni ẹsẹ̀ tí oko fi ń rìn dé ọjà. Òun ló ń kó kòkó, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọsàn àti tòmátì jáde láti abúlé tí ọkọ̀ ńlá kì í wọ̀. Òun náà ló ń gbé aláboyún tó ń rọbí lóru lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú sí agbede méjì igbó, ọ̀ràn náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Tòmátì inú agbọ̀n kò ní dúró de mẹkáníìkì, ẹni tó sì ń rọbí kò lè bẹ ọmọ inú rẹ̀ pé kó ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù yìí ni wọ́n rà ní àwìn, tí awakọ̀ ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá sùn, gbèsè kò sùn.

Ìrìn àjò tó jìn ni àlàyé yìí dá lé lórí. Láti Mọ́níyà gba Ìjàyè dé Ìsẹ́yìn tó kìlómítà márùndínláàádọ́rin (65). Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń gba Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn lọ sí Ìwó, tí àwọn mìíràn ń ti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí láti Àkànràn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Alùpùpù tó ń ṣe dáadáa láàárín ọjà àti ilé lè fi àìsàn tó ti ń bò mọ́lẹ̀ hàn nígbà tó bá ti sáré fún wákàtí kan láìsinmi pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, irú èyí tó wà lára Bajaj Boxer àti TVS, jẹ́ onípístìn kan tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń mú tutù. Kò ní omi tí ń tù ú lára bíi ti mọ́tò. Nǹkan mẹ́rin ló ń béèrè: epo tó mọ́, afẹ́fẹ́ tó tó, iná tó ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì lásìkò, àti pístìn tó lè fún epo àti afẹ́fẹ́ náà pọ̀ kí ó tó gbiná. Èyíkéyìí tó bá yẹ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rántí bó ṣe kú. Bó bá kọ́kọ́ ń wúkọ́, tó ń fà sẹ́yìn, tó ń sáré díẹ̀ tó tún ń rẹ̀wẹ̀sì kí ó tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ epo ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn pa fìtílà, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná. Bó bá jẹ́ pé agbára rẹ̀ dín kù, tí ara rẹ̀ gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró irin tó ń lu irin, ooru tàbí àìtó ọ́ìlì ló fà á, ìyẹn ló sì léwu jù. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ yóò bi yín ní ìbéèrè yìí kí ó tó mú sípánà.

Epo

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn jù. Ẹ wo inú táńkì. Ẹ má ṣe fi ìṣáná tàbí àtùpà wò ó lóru, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, nítorí èéfín epo bẹntiróòlù ni í kọ́kọ́ gbiná, kì í ṣe epo gan-an. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, ẹ yí ẹnu táàpù epo sí ibi tí àwọn awakọ̀ ń pè ní rìsáàfù, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí epo lè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tó tún kíìkì. Ohun tó wà ní rìsáàfù kì í ṣe epo ìrìn àjò. Èyí tí yóò gbé yín dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo ni.

Bí epo bá pọ̀ nínú táńkì síbẹ̀ tí kò dé ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ẹrẹ̀ tàbí eruku bá dí i, epo kò ní lè ṣàn mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “fíì” nígbà tí ẹ ṣí i, tí alùpùpù sì jí lẹ́yìn náà, ẹ ti rí àrùn rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà tín-ín-rín la ihò náà. Àìmọ̀ nípa ihò yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tú kabúrétọ̀ tí kò ní àrùn kankan.

Epo tí kò mọ́ ni ọ̀tá tó gbilẹ̀ jù ní oko. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, owó lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 500 náírà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kún táńkì mọ́, lítà kan tàbí méjì ni wọ́n ń rà. Táńkì tí kì í kún ń fàyè gba ọ̀rinrin àti ìpẹtà, ìdọ̀tí tó ti jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni alùpùpù sì ń mu. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 pàápàá, epo tó ní methanol ju bó ṣe yẹ lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ó sì kó ìyọnu bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá sì ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ tó dà á sínú táńkì, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Omi wúwo ju epo lọ: bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò dúró sí, ẹ ó sì rí ìlà tó wà láàárín méjèèjì. Bí òórùn kẹrosíìnì bá ń jáde lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ta á.

Bí omi tàbí ìdọ̀tí bá ti wọlé, ìdè kékeré kan wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀ tí a lè tú láti da ohun tó wà níbẹ̀ nù. Ẹ kọ́kọ́ pa táàpù epo, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí epo má baà ta sí irin gbígbóná, ẹ gbé ìgò sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tú ìdè náà díẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ dè é, ẹ ṣí táàpù, kí ẹ tún kíìkì. Ẹ má ṣe tú inú kabúrétọ̀ fúnra yín lójú ọ̀nà. Ohun kékeré tó bá bọ́ sínú koríko níbẹ̀ kò ṣeé rí mọ́.

Iná àti púlọ́ọ̀gì

Ẹ yọ fìlà púlọ́ọ̀gì, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìyẹ̀pẹ̀ má baà bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó tú u. Àwọ̀ ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bó bá pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, ara rẹ̀ le. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Bó bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Bó bá sì rin gbìndìn fún epo, ẹ ti kíìkì jù. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ pa ṣóòkù, ẹ fa ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ kíìkì bíi ìgbà márùn-ún.

Láti mọ̀ bóyá iná ń ta, ẹ fi fìlà padà sórí púlọ́ọ̀gì tó wà níta, ẹ fi irin ara rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì kíìkì. Ẹ gbé e jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, ẹ sì rí i pé epo kankan kò dà sílẹ̀ nítòsí. Iná tó dára máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó sì máa ń dún. Bí kò bá ta, ẹ gbìyànjú púlọ́ọ̀gì tuntun. Bí tuntun náà kò bá ta, àrùn náà wà ní kọ́ìlì tàbí wáyà, ó sì di iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ní àsìkò òjò, kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu fìlà púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti jí ọ̀pọ̀ alùpùpù dìde. Àmọ́ bí alùpùpù bá rì sínú odò tó kún títí omi fi wọ inú fílítà, ẹ má ṣe kíìkì rárá. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ó lè tẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ná, kí ẹ wá kíìkì kí omi lè jáde. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tún ṣiṣẹ́.

Ooru àti ọ́ìlì

Epo àti iná lè dá yín dúró, ṣùgbọ́n àìtó ọ́ìlì ní í pa ẹ́ńjìnnì pátápátá. Ọ́ìlì inú alùpùpù kékeré kò ju bíi lítà kan lọ, nítorí náà ìwọ̀nba tó ń jò díẹ̀díẹ̀ tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní òwúrọ̀, kí alùpùpù dúró gangan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó ń jáde nídìí sàlẹ́ńsà túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ọ̀nà jíjìn láìgbé ọ́ìlì dání.

Àwọn irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó yí ẹ́ńjìnnì ká ni atẹ́gùn fi ń mú un tutù. Nígbà òjò ẹrẹ̀ a lẹ̀ mọ́ wọn, nígbà ọyẹ́ eruku a sì dí fílítà. Ẹ fi ènìyàn méjì àti àpò gàárì kún un, kí ẹ tún máa gun òkè pẹ̀lú jíà tó ga jù: ooru yóò pọ̀ ju agbára ọ́ìlì lọ. Èrò kan ṣoṣo ni òfin ìrìnnà gbà láàyè lẹ́yìn awakọ̀, ẹ́ńjìnnì pàápàá fara mọ́ òfin náà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù, ẹ dúró lábẹ́ ìbòòji fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe da omi tútù sí i. Irin gbígbóná tó pàdé omi tútù lójijì lè sán. Bó bá tutù, ẹ wo ọ́ìlì. Bó bá dín kù, ẹ fi kún un. Bí ìró irin lílù bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, kí ẹ wá ọkọ̀ tó lè gbé e. Kìlómítà márùn-ún tí ẹ bá fi agídí gùn ún lè sọ iṣẹ́ tí ríìngì ìbá yanjú di pípààrọ̀ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì. Bí pístìn bá gan lójijì lórí eré, táyà ẹ̀yìn yóò dúró gbagidi. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ rọra darí rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Níbi tí ẹ dúró sí

Ẹ ti alùpùpù kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, ẹ má dúró ní kọ́nà tàbí ní ìsàlẹ̀ òkè tí ọkọ̀ kò ti ní rí yín. Ẹ já ewé tútù sójú ọ̀nà lẹ́yìn yín gẹ́gẹ́ bí àṣà awakọ̀, kí ẹ sì kó o kúrò nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹ má ṣe gbà kí alùpùpù mìíràn fi okùn wọ́ yín. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní agbára lórí ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ tì í dé abúlé tó súnmọ́ jù, kí ẹ fi ara yín han baálẹ̀ tàbí àgbà ibẹ̀, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ di òwúrọ̀. Bí aláìsàn tàbí aláboyún bá wà lẹ́yìn yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọkọ̀ mìíràn fún un kí ẹ tó fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì.

Ohun tí a ń gbé dání kò pọ̀: púlọ́ọ̀gì tuntun kan àti sípánà rẹ̀, ìdajì lítà ọ́ìlì, tọ́ọ̀ṣì, wáyà tín-ín-rín, àkísà gbígbẹ àti ìgò òfìfo tó mọ́ gaara. Fóònù tó ní iná nínú sì ṣe pàtàkì. Fún ìjàm̀bá ojú ọ̀nà, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122. Fún ewu tàbí pàjáwìrì mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ pe 615, èyí tí a kì í san owó ìpè fún. Ẹ sọ orúkọ abúlé tí ẹ kọjá kẹ́yìn àti ti èyí tó wà níwájú, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko kò ní àmì tí ẹni tó ń bọ̀ lè fi dá yín mọ̀.