Fúrúùtù àti Ọmọ Inú Rẹ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Bàrígà tàbí Ṣómólú l'Ékòó pé kí ni wọ́n ń pè ní fúrúùtù. Igi kan ló máa júwe fún yín: igi tó na apá sí ẹ̀gbẹ́ ní ìpele-ìpele bí ilé alájà, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ewé náà máa ń pọ́n fòò kó tó já bọ́. Ó máa sọ ilé tí igi náà wà, ó máa sọ orúkọ onílé, ó sì ṣeé ṣe kó fi àpá kan hàn yín ní orúnkún, láti ọjọ́ tó já bọ́ lórí rẹ̀. Kò ní dárúkọ ọsàn, kò ní dárúkọ ìbẹ́pẹ. Bí ọmọ kan ládùúgbò wa bá ní òun ń lọ ṣa fúrúùtù, gbogbo wa la mọ igi tó ń lọ sí abẹ́ rẹ̀.

Orúkọ yìí ni mo fẹ́ tú wò, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń jà mí lọ́kàn.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò fara sin. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, láti inú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún gbogbo ohun jíjẹ tí igi bá so. Ẹnu Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sórí kọ́ńsónáǹtì láìfi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn. A ki fáwẹ̀lì kan bọ àárín, a fi òmíràn dí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún síléètì, bẹ́ẹ̀ la ṣe fún kíláàsì àti gíláàsì àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ́tí sí wọn: ohùn òkè níwájú, ohùn ìsàlẹ̀ nídìí. Ọmọ ìyá wọn ni fúrúùtù. Àlejò ni, ṣùgbọ́n àlejò tó ti kọlà.

Kò sì jẹ́ pé a ṣaláìní ọ̀rọ̀ tiwa. Igi so, a ní èso. So yẹn náà la fi ń so okùn, òun la fi ń so ewúrẹ́ mọ́ òpó. Bí mo bá gbọ́ èso, ohun tó so rọ̀ lára ẹ̀ka ni ojú inú mi ń rí. Àwọn igi mìíràn tó ti òkèèrè wá bá wa, oníkálukú ló ní orúkọ tirẹ̀. Kajú, lẹ́nu àwọn Potogí ló ti wá, àwọn Potogí sì gbà á lẹ́nu àwọn Tupi, ọmọ onílẹ̀ Brazil. Máńgòrò, gúúsù Íńdíà ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀pẹ òyìnbó, ewé rẹ̀ la wò tí a fi sọ pé ó bá ọ̀pẹ tan. Igi yìí nìkan ló wá jẹ orúkọ gbogbo ẹbí. Ó dà bí ìgbà tí bàbá kan bímọ, tí ọjọ́ ìkómọ pé, tó ní kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní Èèyàn.

Ó lórúkọ níbi tó ti wá o. Etí òkun Éṣíà ni ilé rẹ̀. Terminalia catappa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kọ ọ́ sínú ìwé, Carl Linnaeus ará Sweden ló sì fún un lórúkọ náà ní 1767. Èkíní ti inú Látìnì wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òpin tàbí ààlà, nítorí ṣóńṣó ẹ̀ka ni ewé rẹ̀ máa ń ṣù jọ sí. Èkejì, ketapang ni, bí àwọn Malay ṣe ń pe igi náà. Ìlú kan wà ní erékùṣù Borneo, lápá ti Indonéṣíà, tó ń jẹ́ Ketapang dòní. Kóró rẹ̀ fúyẹ́, ó ń léfòó lórí omi iyọ̀. Ìgbì lè gbé e lọ jìnnà, kó sọ ọ́ sí èbúté mìíràn, kó sì hù níbẹ̀. Mi ò rò pé ilẹ̀ oníyanrìn tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń gúnlẹ̀ sí, ṣàjèjì sí i rárá.

Ó tún ní ẹbí nínú igbó tiwa. Àfàrà àti ìdígbò, igi gẹdú ńláńlá méjèèjì, ìdílé kan náà ni òun pẹ̀lú wọn. Àwọn oníṣòwò pákó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yí orúkọ àwọn yẹn padà: afara àti idigbo ni wọ́n ń kọ sára ọjà. Àwọn tó bá wa gbé inú igbó mú orúkọ Yorùbá lọ sí òkè òkun, èyí tó ti òkè òkun wá jókòó sí àgbàlá wa, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pè é.

Síbẹ̀, ohun tó dùn mí jùlọ kò sí nínú àyálò. Ohun tí orúkọ náà yàn láti wò ló dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká yà lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ní Gánà, àwọn tó ń sọ Twi ń pè é ní abrofo nkatie, ìyẹn ẹ̀pà òyìnbó. Ní Kùtọnu àti Lomé, badamier ni lédè Faransé, badam sì ni almondi lédè Páṣíà àti Híńdì. Ní Brazil, amendoeira ni, igi almondi. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí a yá orúkọ lọ́wọ́ wọn pàápàá, almondi ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń pè é. (Ebelebo tí àwọn ará Bìnì ń pè é dá dúró láàyè tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án.) Gbogbo wọn ló wo inú. Kóró ni wọ́n pa, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ igi lórúkọ. Àwa dúró sí ẹ̀yìn kóró. Ara tó pọ́n, tó dùn díẹ̀, tó kan díẹ̀, tó ń fà bí okùn láàárín eyín, òun la rí, òun la sì sọ lórúkọ.

Bíbélì Yorùbá náà mọ almondi. Ìtumọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ òpómúléró rẹ̀ fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ọ̀pá Áárónì. Ọkọ ọmọ Crowther, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Bàrígà náà ló sì wà lónìí. Almondi inú Bíbélì kò bá fúrúùtù tan, igi ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Bàrígà lè ka ọ̀kan níwájú pẹpẹ láàárọ̀, kó fi ẹsẹ̀ ta èkejì sínú gọ́tà lọ́sàn-án, kó má mọ̀ pé gbogbo ayé ti rí ìjọra kan láàárín àwọn méjèèjì.

Mo gbà lọ́kàn mi pé ọmọdé ló sọ igi yìí lórúkọ, ọmọ iléèwé tó ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé ló ń jẹ ẹ́. Ládùúgbò wa, àgbàlagbà kì í ra á lọ́jà, mi ò sì rí ẹni tó ń kiri rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àdán ló máa ń ṣiṣẹ́ òru fún wa: wọ́n á jẹ ara rẹ̀, wọ́n á ju ìyókù sílẹ̀. A ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán kí ọmọ ilé kejì má baà ṣáájú wa. Èyí tí àdán kò fẹnu kàn, a ó jẹ ẹ́ títí ahọ́n á fi yí àwọ̀ padà. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ iléèwé, ìyá mi sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹgba bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, a ó sọ kóró nù.

Ìyá onílé wa ló dá wa dúró. Màmá ti darúgbó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì mú. Wọ́n ní ọpọ́n rọ́bà kan tó ti ya létí, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣa gbogbo kóró tí a bá sọ nù sí.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtírí yẹn ṣe?"

"Ta ló sọ fún ọ pé pàǹtírí ni? Jókòó, wàá jẹ nínú rẹ̀."

Mi ò jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kóró tútù kì í ṣeé pa. Ara rẹ̀ rí bí kànrìnkàn, òkúta á kàn ta padà lórí rẹ̀ ni. Màmá sá wọn sórí ògiri kúkúrú tó yí ilé ìdáná ká. Wọ́n ń yí wọn padà láràárọ̀. Bí òjò bá ṣú, àwa ọmọ la máa ń sáré kó wọn wọlé, nítorí èyí tí omi bá tún wọ̀ á hu funfun. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó mú ọ̀kan, kí wọ́n mì ín létí, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Pípa rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Kóró fúrúùtù ní etí kan tó yí i ká láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá gbé e dùbúlẹ̀ kí ẹ tó là á, á fọ́ wómúwómú pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e dúró lórí etí yẹn, lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ẹ fi ìka méjì dì í mú, ẹ fi òkúta kàn án jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ ibi tó ń lọ, kí ẹ tó wá lù ú gidi. Á là sí méjì. Ìka tó bá lọ́ra á gba tirẹ̀; ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tó máa jáde kò tó ìlàjì ìka ọmọńdinrín. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ ló bò ó. Bí ẹ bá bó o, ó funfun, ó sì ká mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ká abala ìwé. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá kọjá níwájú àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú, tí wọ́n ká ìwé jọ sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá da tiwọn sínú ìkòkò gbígbẹ lórí sítóòfù, wọ́n wọ́n omi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n ń rò ó títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ òróró, ìdí nìyẹn tó fi ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Odidi ọpọ́n kóró kò ju àwo ọbẹ̀ kékeré kan lọ. A fi mu gààrí. Mi ò tíì jẹ ẹ̀pà tó dùn tó o láti ọjọ́ náà.

Ọmọ ni Màmá ń pè é. "Ẹ kó ọmọ rẹ̀ wá." Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí. A kì í sọ pé a fọ́ èkùrọ́, a ní a pa á. A ń pa obì. Ó sì jọ pé ikú ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, títí tí ẹ fi máa rántí adìẹ. Adìẹ tó sàba, tí ọjọ́ rẹ̀ pé, a ní ó pamọ: ó pa ọmọ, ìyẹn ni pé ó là wọ́n jáde nínú ẹyin láàyè. Pa yìí ni mo ń gbọ́ bí òkúta bá dún lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ wá gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ kan náà, pamọ́ ló dà, ohun tí a fi sí ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, mi ò sọ pé gbòǹgbò wọn kan náà. Ṣùgbọ́n láàárín ohùn àárín àti ohùn òkè yẹn ni gbogbo ìtàn fúrúùtù wà ládùúgbò wa: ohun tó pamọ́, tí ẹni kan ní láti jókòó pa.

Yorùbá mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ wo ọ̀pẹ. A fún ara rẹ̀ lórúkọ, ẹyìn. A fún inú rẹ̀ lórúkọ, èkùrọ́. Òróró ti ara ni epo, òróró ti inú ni àdín, ẹnikẹ́ni kì í ṣì wọ́n pè. A tiẹ̀ fi èkùrọ́ ṣe alábàákú ẹ̀wà. Ẹni tó sọ gbogbo ìwọ̀nyí lórúkọ kò lè ṣaláìrí inú fúrúùtù bó bá wò ó. Ó jọ pé igi náà pẹ́ dé ni, ó bá wa nígbà tí a ti ń kánjú, a sì fi ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ẹnu jùlọ pè é. Mo rò pé orúkọ náà ti gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ohun tí a bá ti pè ní fúrúùtù, bí a bá jẹ ẹ́ títí dé kóró, a gbà pé ó tán.

Igi náà ń dín kù ní Bàrígà. Ilẹ̀ ti wọ́n, ilé onílẹ̀ kan ń di alájà mẹ́ta, gbòǹgbò fúrúùtù ń gbé sìmẹ́ńtì sókè, ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Mi ò lè bá onílé jà lórí ìyẹn. Wọ́n gé ti ilé wa lẹ́yìn tí Màmá kú. Ibi tí ọpọ́n rọ́bà wọn máa ń wà, táǹkì omi ló wà níbẹ̀ báyìí.

Orúkọ igi ti bọ́, mi ò ní kí a pa á dà. Àmọ́ inú rẹ̀ kò tíì lórúkọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba ti Màmá: ọmọ fúrúùtù. Bí igi kan bá kù lágbàlá yín, ní Pedro o, ní Akọka o, ní Onípáànù o, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ kóró rẹ̀ nù mọ́. Ẹ sá a ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé kọ́kọ́ pa tirẹ̀.