Score: Òǹkà Ogún Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà yóò ti bá ọ̀rọ̀ náà scores pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń ròyìn ìjàm̀bá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú three score and ten tí àwọn onígbàgbọ́ máa ń kọ sára ìwé ìpè ayẹyẹ ẹni tó pé àádọ́rin ọdún. Ní pápá bọ́ọ̀lù, àwa náà ti sọ ọ́ di sìkọ́ọ̀. Lójú, ìlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fara jọra, bẹ́ẹ̀ orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òǹkà ogún, tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ó le, pé ó ti di ti ayé àtijọ́, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi ka ẹran, owó àti ọjọ́ orí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Tiwọn ti tú ká. Tiwa ṣì dúró.

Score kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Norway àti Denmark ayé àtijọ́ ló ti wá, àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá kógun ja Lindisfarne ní ọdún 793, tí ọ̀pọ̀ wọn sì padà tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà oòrùn England. Nínú èdè wọn, Old Norse, skor ni ojú tí ọ̀bẹ gé sára igi. Inú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni shear wà, èyí tí wọ́n fi ń pe rírẹ́ irun àgùntàn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1100, score ti wà nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtumọ̀ ogún. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ jù nípa bí ojú ọ̀bẹ ṣe di ogún ni pé ẹni tó ń ka agbo ẹran yóò fi ẹnu kà á dé ogún, yóò fi ọ̀bẹ kọ igi lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé láyé àtijọ́, àwọn darandaran àríwá England ní òǹkà tiwọn tó bá a mu. Yan, tan, tethera ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì jọ òǹkà àwọn ará Wales ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Jiggit, ìyẹn ogún, ni òǹkà náà ń parí sí. Tí àgùntàn bá ju ogún lọ, a ní láti fi àmì sílẹ̀ kí a tó padà sí yan.

Ilé ìṣúra ọba England ni kíkọ ojú sára igi ti wá di iṣẹ́ ìjọba gan-an. Richard FitzNeal, tó jẹ́ olùtọ́jú ìṣúra ọba, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó kọ ní èdè Látìn láàárín àwọn ọdún 1170. Bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni ojú tí wọ́n máa gé ṣe máa fẹ̀ tó. Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tó àtàǹpàkò, ogún pọ́n-ùn tó ọmọńdinrín, pọ́n-ùn kan sì tó horo ọkà bálì. Ṣílè kéré sí ìyẹn. Ti kọ́bọ̀ wọn, wọ́n kàn ń fa ọ̀bẹ kọjá lórí igi ni, láìyọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á la igi náà sí méjì láàárín àwọn ojú tí wọ́n gé, kí ẹni tó san owó mú apá kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ ọba sì mú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó, tó gé ojú tuntun kún tirẹ̀, àṣírí rẹ̀ yóò tú lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa apá méjèèjì pọ̀. Ẹ wò ó pé ogún ní ojú tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgọ́rùn-ún àti ẹgbẹ̀rún.

Ọdún 1826 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú lílo igi yìí pátápátá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1834, wọ́n ní kí wọ́n lọ sun àwọn igi àtijọ́ náà nínú ààrò tó wà lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster. Iná náà ràn, ó sì jó ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Ilé tí gbogbo ayé mọ̀ síbẹ̀ lónìí, èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ ni.

Láti ara igi ni score ti wọ ilé ọtí, níbi tí ó ti di gbèsè tí oníbàárà jẹ. Ó wọ inú eré pẹ̀lú. Ní ayé ìjímìjí kíríkẹ́ẹ̀tì, igi ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ kọ fún gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá jẹ ojú àmì. Àtibẹ̀ ni a ti rí sìkọ́ọ̀ tí à ń pariwo rẹ̀ ní pápá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí iye. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, àwọn olùtumọ̀ ń lo seventy níbì kan, wọ́n ń lo threescore and ten níbòmíràn. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé òǹkà ẹ̀wá àti òǹkà ogún jọ ń gbé nínú èdè kan náà nígbà náà. Orin Dáfídì 90 ló sọ ti ogún di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní Gettysburg, ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1863, Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, náà fi four score and seven ka ọdún 87 tó ti kọjá láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kéde òmìnira ní 1776, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní iyì ohùn Bíbélì.

Àwọn iye méjèèjì yìí yẹ ní gbígbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà Yorùbá. Fún 70, Gẹ̀ẹ́sì dúró lórí ogún mẹ́ta, ó fi mẹ́wàá lé e. Yorùbá lọ dúró lórí ogún mẹ́rin, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́rin. Fún 87, Lincoln ka ogún mẹ́rin, ó fi méje lé e. Àwa ń ka ogún márùn-ún, a yọ mẹ́wàá, a tún yọ mẹ́ta: ẹ̀tàdínláàádọ́rùn-ún. Ìpìlẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń lé e lọ láti ìsàlẹ̀, Yorùbá ń yọ ọ́ bọ̀ láti òkè.

Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí òǹkà wa, ó sì so ó mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n á da àpò owó sílẹ̀, wọ́n á máa ṣa á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ọ̀nà ogún, ìyẹn ọgọ́rùn-ún. Òkìtì méjì bẹ́ẹ̀ ni igba. Ogójì ẹyọ ló wà nínú okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Òǹkà yìí kò kú: nígbà tí oníròyìn rédíò bá pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, ogún ló ń fi ṣírò síbẹ̀.

A kò dá wà nínú rẹ̀. Ogún mẹ́rin ni quatre-vingts tí àwọn Faransé ń pe 80, èyí tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Sákétẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1260 ni ilé ìtọ́jú àwọn afọ́jú kan sì ti wà ní Paris tí orúkọ rẹ̀, Quinze-Vingts, túmọ̀ sí ogún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí 300 ènìyàn ni Ọba Louis kẹsàn-án dá a sílẹ̀ fún. Àwọn ará Denmark ń ka 50 bí ẹni pé ogún méjì àti ààbọ̀ ni, wọ́n sì ń lò ó títí dòní.

Lónìí, iye inú score ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn ará London tí wọ́n ń pe ogún pọ́n-ùn ní score. Èyí tó gbilẹ̀ ni scores, tí kò sọ iye pàtó kankan mọ́. Ó ju dozens lọ díẹ̀ létí olùgbọ́, kò sì tó hundreds. Ibí yìí ni àwọn olùtumọ̀ ìròyìn wa ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ẹni tó bá túmọ̀ scores sí ogún ti fi iye tí oníròyìn kò sọ sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ti bù mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bá a mu jù, bí iye gan-an bá sì wà nínú ìròyìn náà, kí a kà á fún olùgbọ́.

Mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíráamà: tí ẹ bá dé orí àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún, ẹ kọ three score and ten sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣírò méjèèjì.